Oògùn èébì fún ẹni tó ń gba ṣímíò: ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí aprepitant ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)?

Ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Ìyá mi ní jẹjẹrẹ ọmú, Kútọnu ni wọ́n ti ń gba ṣímíò, oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, òun náà ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kímò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gbà á, èyí tó pupa bí omi bísápù yẹn. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi bì, omi lásán ò dúró níkùn wọn, òórùn epo tó ń gbóná nílé kejì gan-an ń mú wọn bì. Wọ́n ti wá sọ fún mi pé àwọn ò lọ mọ́, pé kí n jẹ́ kí àwọn jókòó sílé àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn.

Dókítà ti kọ oògùn mẹ́ta fún èyí tó ń bọ̀: ondansetron 8 mg, dexamethasone, àti aprepitant, hóró 125 mg kan pẹ̀lú 80 mg méjì. Méjì àkọ́kọ́ mo ti rí wọn. Aprepitant yìí, mo ti dé fámásì mẹ́fà, láti Ouando títí dé Catchi, ibi tí wọn ò bá ti sọ pé ó ti tán, wọ́n á ní àwọn ò tà á rí. Ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà ní òun ní i, ó yọ hóró funfun kan jáde látinú ọ̀rá, kò ní páálí, kò sí orúkọ lára ẹ̀. Mi ò rà á ṣùgbọ́n mo gba nọ́ńbà ẹ̀ o, torí ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù. Ta ló mọ ibi tí mo lè lọ?

Bọ́dá Onízẹ́mì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ò kúkú lè fún wọn ní ondansetron méjì-méjì dípò èyí tí ẹ ò rí? Èébì kan náà ṣáà ni wọ́n ń rà á fún.

Nọ́ọ̀sì Wa
Rárá o bọ́dá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n mi ò sí níbi tí ìyá yẹn ti ń gbàtọ́jú, ohun tí mo bá sọ níbí, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà wọn ni.

Èébì ṣímíò kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà tó máa ń dé lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á gan-an, láàárín wákàtí 24. Ìfun ló máa ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé májèlé ti wọlé, ojú ọ̀nà ìránṣẹ́ yẹn ni ondansetron ń dí. Òmíràn wà tó máa ń dé lẹ́yìn ìyẹn, láti ọjọ́ kejì títí dé ìkarùn-ún, ìránṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, òun ni aprepitant ń dá dúró. Tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn iwájú lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì ṣí sílẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí nínú ondansetron tó bá pọ̀ jù ni orí fífọ́, ìgbẹ́ tí ò ní jáde, ó sì lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ìkẹta wà pẹ̀lú, èyí tó máa ń mú ẹni tó ti jìyà rí, kó tó dé ilé ìwòsàn rárá ni èébì á ti máa gbé e, tó bá ti rí ọ̀nà yẹn ni, tàbí tó gbọ́ òórùn sípírítì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká jẹ́ kí ìyá tún jẹ irú ìyà yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Omi pupa yẹn pẹ̀lú cyclophosphamide tí wọ́n sábà máa ń fi kún un, ara àwọn tó ń mú èèyàn bì jù lọ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni cisplatin, oògùn ṣímíò mìíràn. Torí ẹ̀ ni dókítà ṣe kọ oògùn mẹ́ta.

Ó wá kù sí èyí o: ẹ pe dókítà LÓNÌÍ, ẹ má dúró dọjọ́ kẹsàn-án. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò rí aprepitant. Ẹ bi í pé ṣé olanzapine á ṣiṣẹ́ fún ìyá. Oògùn yìí wọ́pọ̀ ju aprepitant lọ, owó ẹ̀ kéré sí i dáadáa, àwọn dókítà jẹjẹrẹ káàkiri ayé ló ń lò ó fún èébì ṣímíò báyìí. Tí ẹ bá ka ìwé inú páálí ẹ, ẹ máa rí i pé oògùn àrùn ọpọlọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín, ẹ sì tètè ṣàlàyé fún ìyá kí ẹnì kan tó lọ kà á sí wọn létí. Ó máa ń mú oorun wá gan-an, alẹ́ ni wọ́n ń lò ó.

Ìdí mìíràn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ sọ fún un: aprepitant máa ń mú kí agbára dexamethasone pọ̀ sí i lára, torí náà àwọn dókítà máa ń dín dexa kù tí wọ́n bá kọ méjèèjì pọ̀. Tí aprepitant ò bá sí, iye dexa lè yí padà. Ẹ ò lè mọ ìyẹn nílé.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Kétu
Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ ẹ. Ọkọ mi gba cisplatin lọ́dún tó kọjá, Kétu la wà, a máa ń jí lọ ní aago mẹ́rin ìdájí, ká gba Pòbẹ́ kọjá sí Ṣakété títí dé Àjàṣẹ́ ká tún wá wọkọ̀ Kútọnu, tí wọ́n bá parí fún un a ò lè padà lọ́jọ́ yẹn, torí ta ló fẹ́ bì nínú takísí tó kún fọ́fọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí jù fún ẹ. Zophren ni dókítà kọ sínú ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá Zophren, mo dé Pòbẹ́, mo dé Àjàṣẹ́, mo ní kí ọmọ àbúrò mi lọ wá a ní Kútọnu, gbogbo wọn ń sọ pé kò sí. Ọkọ mi ń bì sínú bàsíà nílé. Lọ́jọ́ kẹta ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní fámásì wo ìwé mi, ó ní màmá, ondansetron ni Zophren yìí o, ti ilé iṣẹ́ mìíràn nìyí, kọ̀ǹtà tí mo dúró sí gan-an ló wà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, nítorí orúkọ páálí. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, orúkọ oògùn gan-an ni kí o máa fi wá a, má fi orúkọ tí ilé iṣẹ́ sọ ọ́ wá a.

Ondansetron yẹn sì máa ń dí inú pa o. Ọjọ́ márùn-ún ni ọkọ mi ò fi yàgbẹ́, inú ẹ̀ wú, a rò pé àìsàn náà ni. Bi dókítà léèrè ohun tí wọ́n lè lò fún ìyẹn látìgbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Fámásì
Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, ojoojúmọ́ là ń rí i. Ẹ fi orúkọ wọ̀nyí sórí fóònù yín: Emend ni aprepitant, Zophren ni ondansetron, Kytril ni granisetron, ẹbí kan náà ni òun àti ondansetron, Primpéran ni metoclopramide, Motilium ni domperidone, Zyprexa ni olanzapine. Tí ẹ bá bi wá ní orúkọ kan tí a sọ pé kò sí, ẹ bi wá ní ìkejì.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní fámásì kan, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ṣe ń lọ lẹ́yìn kọ̀ǹtà. Tí ẹ bá wọlé tí ẹ ní "ṣé ẹ ní aprepitant", ẹni tó wà níbẹ̀ á wo kọ̀ǹpútà, á ní rárá, ó tán síbẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí apòògùn fúnra ẹ̀. Ẹ gbé ìwé dókítà lé e lọ́wọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa nílò ẹ̀, ẹ ní kó bá yín pè àwọn alágbàtà ńlá tó ń kó ọjà fún un, torí wọ́n ju ẹyọ kan lọ, ohun tí ò sí lọ́wọ́ ọ̀kan lè wà lọ́wọ́ ìkejì. Oògùn tó wọ́n báyìí, fámásì kì í tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀ torí ó lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró dè é, tó sì máa rà á, á pàṣẹ ẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀. Ẹ padà pè é lọ́jọ́ kejì, ẹ má rò pé ẹ ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Àti pé ilé ìwòsàn ìjọba àti fámásì ìgboro, ibi tí oògùn ti ń wá bá wọn lè yàtọ̀. SoBAPS, ilé iṣẹ́ tó ń ra oògùn fún ìjọba Bẹ̀nẹ̀, ló ń pèsè fún ti ìjọba. Nítorí náà ẹ bi fámásì inú ilé ìwòsàn tí ìyá ti ń gba ṣímíò lọ́tọ̀, ẹ bi ti CHUD, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba tó wà níbí ní Àjàṣẹ́, lọ́tọ̀. Fámásì tó ń ṣí lóru ò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí èyí, alágbàtà ti tilẹ̀kùn nígbà yẹn, òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ.

Ti ẹni tó ní hóró inú ọ̀rá yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa nọ́ńbà ẹ̀ rẹ́. Ó yẹ kí àwa ará Bẹ̀nẹ̀ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Kútọnu níbí ni wọ́n ti ka ìpè lòdì sí ayédèrú oògùn lọ́jọ́ 12 oṣù kẹwàá 2009, ní oṣù kejì 2017 ìjọba wọ Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ìta ní ọjà Tọ́kpá, wọ́n kó oògùn ibẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ tún ń rí i lórí àtẹ. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lásán ló wà nínú hóró yẹn, ìyá á gbà á, wọ́n á bì, ẹ ó sì rò pé oògùn tòótọ́ ni ò ṣiṣẹ́. Páálí gbọ́dọ̀ wà, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára páálí àti èyí tó wà lára káàdì inú ẹ gbọ́dọ̀ bára mu.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Èmi ní tèmi, Nàìjíríà la ti rí ti ẹ̀gbọ́n mi. Ṣábẹ̀ẹ́ ni a wà, Kútọnu jìnnà sí wa, ó ju 250 kìlómítà lọ, a sì ní ẹbí ní Ìbàdàn. Fọ́tò ìwé dókítà la fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n gbé e lọ sí fámásì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbẹ̀, torí fámásì tó bá wà nítòsí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ ló sábà máa ń ní irú oògùn yìí. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ rèé: fámásì tó ní ìwé àṣẹ ni kí wọ́n ti rà á, kí nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, wà lára páálí, kí wọ́n gba rìsíìtì. Ẹni tó ń gbé e bọ̀, kí ìwé dókítà wà lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ aláìsàn, kí oògùn wà nínú páálí ẹ̀, kó má sì ju iye tó wà nínú ìwé lọ, torí wọ́n á bi í léèrè lójú ọ̀nà. A kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ kan, ó gbé e síwájú ọkọ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó dé, apòògùn wò ó, ó ní kí a má lò ó. Owó yẹn wọlẹ̀. Ìkejì, àbúrò mi ló gbé e wá fúnra ẹ̀ nínú àpò ẹ̀yìn.

Ìyàwó Tíṣà
Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Primpéran la máa ń fún bàbá wa tí èébì bá gbé wọn, ó wà nílé látọjọ́ tó ti pẹ́, ṣé kò burú?

Nọ́ọ̀sì Wa
Àǹtí, Primpéran ní àǹfààní tirẹ̀ fún ìríndọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n kò tó fún irú ṣímíò tí à ń sọ yìí. Kì í sì ṣe oògùn tí à ń lò lọ lọ lọ. Láti 2013 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ti sọ pé kó má ju ọjọ́ 5 lọ, kó má sì ju 30 mg lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà. Ìdí ni pé ó lè mú kí ọrùn wọ́, kí ojú yí sókè, kí ẹnu máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbé wá tí wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ló bá a jà, oògùn ni. Tí wọ́n bá sì ti fún yín ní olanzapine, ẹ má fi Primpéran kún un láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un kí n tó gbàgbé. Tí ara ẹni tó ń gba ṣímíò bá gbóná, tó bá ti tó 38, ẹ má jókòó tì í kí ẹ máa pè é ní palu (ibà ẹ̀fọn) kí ẹ lọ ra Coartem, oògùn ibà. Ṣímíò máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ funfun di kékeré, ara ò ní ohun tó máa fi jà, kòkòrò lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ilé ìwòsàn, lóru lọ́sàn-án. Coartem fúnra ẹ̀ tún lè kan bí ọkàn ṣe ń lù, bíi ti ondansetron, nítorí náà bí wọ́n bá tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé palu ni, kí wọ́n mọ̀ pé ondansetron wà lára ẹ̀. Àgbo náà, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Mi ò ní bá yín jà, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kí dókítà mọ̀, dexa máa ń gbé ṣúgà sókè. Àárọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó, tí wọ́n bá lò ó lálẹ́ ojú wọn á là sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹni Tí Ó Ṣì Ń Ṣọ̀fọ̀
Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti àná, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ìyá mi kú ní oṣù méjì sẹ́yìn. Aprepitant 80 méjì wà nílé, nínú páálí, kò tíì bàjẹ́. Mi ò lè jù ú nù, owó tí a fi rà á, wàhálà tí a ṣe kí a tó rí i. Kí Ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́ wá gbà á. Mi ò gba kọ́bọ̀.

Ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹkún ni mo ń sun níbi tí mo wà.

Akọ̀wé Fámásì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ara fẹ́ra kù, ìyá á sinmi o. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. 80 méjì nìkan ò pé, 125 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lọ́jọ́ kìíní kí ṣímíò tó wọlé, 80 wá tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Ẹ má sì gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ìta. Ẹ gbé e lọ sí fámásì ilé ìwòsàn tí ìyá yín ti gbàtọ́jú, ẹ jẹ́ kí apòògùn wò ó, kó sọ bóyá ó ṣeé lò fún ẹlòmíràn àbí kò ṣeé lò. Tó bá ní kò ṣeé lò, ẹ jẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ yín, kó má máa wà nílé tí ẹ ó máa wò ó.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Kétu
Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ò tíì jáde. Ohun tútù ni kí o máa fún wọn, ohun gbígbóná ló ń ní òórùn tó ń mú wọn bì. Ẹ̀kọ tútù tí o pò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, má fi ṣúgà púpọ̀ sí i, ṣíbí méjì, kí o dúró, ṣíbí méjì. Má dáná nítòsí wọn. Má fún wọn ní oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ́jọ́ ṣímíò, ọkọ mi fẹ́ràn àkàrà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kìíní la fún un, láti ìgbà náà kò lè jókòó níbi tí wọ́n ti ń din àkàrà mọ́. Atalẹ̀ nínú omi ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oògùn, ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ó rọ́pò ẹ̀ kò tíì tọ́jú ẹni tó gba cisplatin.

Tí omi ò bá dúró rárá fún odindi ọjọ́ kan, tí ìtọ̀ bá dúdú tàbí tí kò jáde, tí òòyì bá ń kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde, gbé wọn lọ. Mo dúró pẹ́ jù nígbà kan, omi abẹ́rẹ́ ló gbé ọkọ mi dìde.

Ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá ròyìn fún yín.

Mo pe dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ní inú òun dùn pé mo pè kó tó di ọjọ́ náà, ó ní àwọn kan máa ń dé láìsọ nǹkan kan, wọ́n á kàn máa bì nílé. Ó kọ olanzapine 5 mg fún alẹ́ mẹ́rin, ó tún dexa ṣe, ondansetron dúró. Olanzapine, fámásì kejì tí mo wọ̀ ni mo ti rí i. Nígbà tí mo kà á fún ìyá mi pé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ nìyí ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi fún yín nìyí, wọ́n ní kò sí wàhálà, àwọn ò ya wèrè, àwọn kàn fẹ́ jẹun ni.

Wọ́n gba ṣímíò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n sùn títí lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù bà mí, mo ń lọ wo bí wọ́n ṣe ń mí, mo pe dókítà, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kí n má jẹ́ kí wọ́n dá lọ sí ilé ìwẹ̀ kí wọ́n má ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bì, lálẹ́ Ọjọ́rú. Èébì ṣì ń gbé wọn díẹ̀díẹ̀ o, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń mu omi. Ní òwúrọ̀ yìí wọ́n ní kí n lọ ra ẹ̀kọ wá, tútù, ti Ìyá Ẹlẹ́kọ. Wọn ò sọ ọ́ mọ́ pé àwọn ò lọ.

Apòògùn kan ní Catchi ti bá mi pàṣẹ aprepitant fún èyí tó ń bọ̀, ó ní kí n pe òun lọ́jọ́ Ajé. Dókítà ní tó bá dé kí n mú un wá kí òun wò ó, tí kò bá dé, a ó máa lo olanzapine lọ. Mo ti pa nọ́ńbà ẹni ẹ̀bá ọ̀nà yẹn rẹ́.

Ẹni Tí Ó Ṣì Ń Ṣọ̀fọ̀
Mo gbé ti ìyá mi lọ lánàá. Apòògùn gbà á. Ẹ bá mi kí ìyá.

Ọ̀dọ́ Pòbẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa bẹ̀rẹ̀ ṣímíò lọ́sẹ̀ méjì sí i, wọn ò tíì kọ oògùn èébì kankan fún wọn, kí ni kí n bi dókítà léèrè?

Ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́
Bi í pé irú ṣímíò wo ni, ṣé ara àwọn tó ń mú èèyàn bì gan-an ni. Bi í pé oògùn wo ni ti ọjọ́ kìíní, èwo ni ti ọjọ́ kejì lọ, kí ó sì kọ orúkọ oògùn gan-an sínú ìwé. Ní kó sọ èyí tí ẹ lè lò tí ẹ ò bá rí ọ̀kan, kí ẹ tó kúrò níwájú ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o ya fọ́tò ìwé yẹn, fi ìka bo orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ, kó o fi í síbí. Àwa tó wà ní Àjàṣẹ́ á bá ẹ bi fámásì ìhà tiwa lọ́la.